Ẹ Wá Ìdíje Kẹ́ Ẹ Tó Wá Táìmù: Ìtọ́sọ́nà fún Àgbàlagbà Òmùwẹ̀ Nílẹ̀ Ọ̀kun

Ọ̀kun o, ẹ̀yin ará mi.

Ẹ̀gbọ́n kan láti Ìsánlú bi mí lọ́sẹ̀ tó kọjá pé òun ti lé lógójì ọdún, òun mọ odò wẹ̀ dáadáa látìgbà ọmọdé, ó sì wu òun kóun lọ bá àwọn ẹlẹgbẹ́ òun díje, àmọ́ ẹnì kan ti sọ fún òun pé àfi kéèyàn ní táìmù kan pàtó kí wọ́n tó gbà á wọlé, ṣé kí òun má wulẹ̀ dààmú ara òun ni. Mo fèsì lórí WhatsApp títí ọwọ́ fi ń ro mí, ni mo bá ní kí n kúkú kọ gbogbo ẹ̀ síbì kan, torí mo mọ̀ pé òun nìkan kọ́ ló ń ro irú ìrònú yẹn, láti Kàbà dé Mọ̀pà dé Ẹ̀gbẹ́, nílẹ̀ Ọ̀kun wa ní Ìpínlẹ̀ Kogí.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ ni pé táìmù tí wọ́n ń bèèrè yẹn ò le tó bẹ́ ẹ ṣe rò. Ibi tá a ti máa wẹ̀ ẹ́ tí wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀ fún wa ló ṣọ̀wọ́n. Èèyàn lè yára ju ohun tí wọ́n bèèrè lọ ní púùlù hòtẹ́ẹ̀lì ní Lọ́kọ́ja láràárọ̀, tí ò bá sí nínú ìwé èsì ìdíje kankan, kò sẹ́ni tó máa bá a kà á. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ fáwọn èèyàn pé kí wọ́n wo kàlẹ́ńdà kí wọ́n tó wo stopwatch.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ẹgbẹ́ tí wọ́n máa fi yín sí

Àjọ tó ń darí eré omi lágbàáyé, World Aquatics, tí wọ́n ń pè ní FINA tẹ́lẹ̀, masters ni wọ́n ń pe àwa àgbàlagbà. Ẹni ọdún 25 sókè ni. Wọ́n á pín yín ní ọdún márùn-ún márùn-ún, 25 sí 29, 30 sí 34, 35 sí 39, ó ń lọ bẹ́ẹ̀ títí dé ẹni àádọ́rùn-ún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyẹn ni pé tẹ́ ẹ bá jẹ́ ẹni ọdún 52, kò sẹ́ni tó máa fi yín wé ọmọ ọdún 26.

Ibi tó máa ń rú àwọn èèyàn lójú nìyí: ọjọ́ tẹ́ ẹ wọ omi kọ́ ni wọ́n ń wò, ọjọ́ orí yín ní December 31 ọdún ìdíje yẹn ni. Tẹ́ni kan bá máa pé ogójì ọdún ní December 28, 2026, tó bá lọ díje ní February 2026, ẹgbẹ́ 40 sí 44 ni wọ́n máa fi í sí bó tiẹ̀ jẹ́ pé ẹni ọdún 39 ló ṣì ń pe ara ẹ̀. Ẹni tó bá wà létí irú ààlà bẹ́ẹ̀, kó fara balẹ̀ ṣírò ẹ̀, torí nínú ẹgbẹ́ tuntun òun ló máa kéré jù lọ́jọ́ orí, ìyẹn sì dáa fún un, táìmù tí wọ́n máa bèèrè náà á sì tún rọ̀ díẹ̀ sí i. Àwọn ará Amẹ́ríkà ní tiwọn, ọdún 18 ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀, tó bá sì jẹ́ púùlù tí wọ́n fi yáàdì wọ̀n, ọjọ́ tí ìdíje yẹn parí ni wọ́n fi ń ka ọjọ́ orí. Ti relay, ìyẹn eré tí ẹni mẹ́rin jọ ń wẹ̀ tẹ̀lé ara wọn, tún yàtọ̀, ọjọ́ orí ẹni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni wọ́n máa rò pọ̀, 100 sí 119, 120 sí 159, 160 sí 199, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bàbá ẹni ọdún 70 kan wúlò gan-an nínú relay, ẹ má fi í sílẹ̀ sílé.

Ẹ wọn púùlù yín

Mi ò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni fo ibí yìí o. Ọdún bíi méjì gbáko ni mo fi ń wẹ̀ ní púùlù hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Lọ́kọ́ja tí wọ́n sọ fún mi pé 25 mítà ni, lọ bọ̀ ní ẹ̀ẹ̀kan jẹ́ 50, sẹ́kọ́ńdì 38 ni mo máa ń wẹ̀ ẹ́, inú mi dùn, mo ti ń rí ara mi níbi gíga. Mo wá dé Àbújá, mo wọ púùlù 50 mítà gidi, wọ́n fún mi ní sẹ́kọ́ńdì 43 àti díẹ̀. Ó dùn mí débi pé mi ò lè jẹun lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Nígbà tí mo padà sí Lọ́kọ́ja ni mo yá tépù àwọn bíríkìlà, mo lọ wọn púùlù yẹn, 22.6 mítà ló jẹ́. Lọ bọ̀ tí mò ń pè ní 50, 45.2 ni. Agbára mi ò dín kù o, irọ́ ni wọ́n pa fún mi.

Báyìí ni wọ́n ṣe ń wọn ọ́n. Ẹ mú tépù gígùn, kì í ṣe tépù télọ̀. Ẹnì kan á di orí ẹ̀ mú mọ́ ògiri ní ojú omi gan-an, ẹnì kejì á fà á dé ògiri kejì ní ojú omi bákan náà. Ẹ má wọn ọ́n lórí bèbè, torí bèbè sábà máa ń yọ síta lórí omi, táìlì náà a sì máa jẹ díẹ̀ níbẹ̀. Ẹ wọn ọ́n ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì àti láàárín, torí àwọn tó kọ́ ọ lè máà kọ́ ọ gún. Oríṣi mẹ́ta ni púùlù tí wọ́n mọ̀ nídìí ìdíje, 50 mítà, 25 mítà, àti ti Amẹ́ríkà tó jẹ́ 25 yáàdì, ìyẹn 22.86 mítà. Púùlù tó bá kúrú ju 50 tàbí 25 lọ, kódà kó jẹ́ sẹ̀ńtímítà mélòó kan, wọn ò ní fi rẹ́kọ́ọ̀dù tẹ́ ẹ bá gbà nínú ẹ̀ ṣe nǹkan kan.

Tó bá jẹ́ púùlù 18 mítà lẹ ní ńkọ́, bí ọ̀pọ̀ hòtẹ́ẹ̀lì wa ṣe rí? Ẹ ṣì lè fi mọ ara yín. Ẹ wẹ̀ ẹ́ ní ìgbà mẹ́ta láìdúró, 54 mítà nìyẹn. Tó bá gbà yín ní sẹ́kọ́ńdì 48.6, ẹ pín in sí 54, kẹ́ ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 50, ó máa fún yín ní 45. Àmọ́ ẹ rántí pé ẹ yí ní ẹ̀ẹ̀mejì níbẹ̀, gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá sì fẹsẹ̀ ti ògiri lẹ̀ ń sinmi apá, ẹ tún ń yára, torí náà 50 mítà tí kò ní ògiri láàárín máa gbà yín ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun kan náà ló fà á tí táìmù púùlù 25 fi máa ń yá ju ti púùlù 50 lọ, tí wọn kì í sì í dà wọ́n pọ̀ mọ́ra. Tí tábìlì táìmù bá sọ pé ti púùlù gígùn lòun, ẹ má fi ti púùlù kúkúrú wé e kẹ́ ẹ wá máa yọ̀.

Odò ńkọ́? Èmi náà odò ni mo ti kọ́ ọ, ọ̀pọ̀ wa bẹ́ẹ̀ ni, mi ò sì kẹ́gàn ẹ̀. Àmọ́ odò ò ṣeé fi wọn táìmù. Omi tó ń ṣàn á gbé yín lọ, á tún dá yín dúró bẹ́ ẹ bá ń bọ̀. Odò Ọya ní Lọ́kọ́ja níbi tí òun àti Bẹ́núé ti pàdé, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má lọ máa fi ṣe ìdánrawò, pàápàá nígbà tí omi bá kún láàárín September sí October, gbogbo wa la rí ohun tó ṣe lọ́dún 2012 àti 2022.

Ìdíje wo ló wà?

Ibí yìí ni mo fẹ́ ká pẹ́ sí díẹ̀.

Ní Nàìjíríà, èyí tó pọ̀ jù nínú ìdíje ìlúwẹ̀ẹ́, ti ọmọ iléèwé ni. Àwọn kíláàbù Èkó àti Àbújá ló ń ṣe wọ́n, àwọn òbí á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́, àwọn ọmọ á wọ omi. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá ka ìwé ìkéde wọn dáadáa, ẹ máa rí i pé àwọn kan máa ń fi ìpele tí wọ́n ń pè ní open sí i, ìyẹn ẹnikẹ́ni láìka ọjọ́ orí, àwọn mìíràn a sì fi ti òbí tàbí ti masters sí ìparí. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo máa ń tẹ àwọn kíláàbù láago ní January, mo máa bi wọ́n pé ìgbà wo lẹ máa ṣe gálà yín lọ́dún yìí, ṣé àgbàlagbà lè wọ̀ ọ́, púùlù mélòó mítà ni, ṣé ẹ̀rọ ló ń ka táìmù àbí ọwọ́, ṣé ẹ máa ń tẹ èsì jáde. Ìbéèrè márùn-ún yìí ni. Tí wọ́n bá ní àwọn ò ní ti àgbàlagbà, mo máa bi wọ́n pé tá a bá kó èèyàn mẹ́jọ wá ńkọ́? Ẹnu máa ń yà mí bí wọ́n ṣe máa ń gbà, torí heat kan ṣoṣo, ìyẹn àwọn tó jọ wọ omi lẹ́ẹ̀kan náà, ò ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ, owó ìwọlé ẹni mẹ́jọ sì ni. Ẹnì kan tó bá dá pè wọ́n, wọn kì í sábà dá a lóhùn. Nítorí náà, ẹ wá ara yín rí, ará Kàbà, ará Ìyàrà, ará Ìsánlú, àwọn ọmọ wa tó ń gbé Lọ́kọ́ja àti Ìlọrin, kẹ́ ẹ jọ máa béèrè lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọ̀nà kejì ni ti ìpínlẹ̀. Ìdíje eré ìdárayá gbogbo orílẹ̀-èdè wa, National Sports Festival, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní Èkó lọ́dún 1973, ìpínlẹ̀ ló ń kó èèyàn lọ síbẹ̀, ìlúwẹ̀ẹ́ sì wà nínú ẹ̀. Ìpínlẹ̀ ló máa ń ṣe àṣàyàn tiẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ ló pọ̀ níbẹ̀, mi ò ní tàn yín jẹ, ẹni ogójì ọdún ò ní rọrùn fún láti bá wọn sá a. Àmọ́ ọjọ́ àṣàyàn yẹn fúnra ẹ̀ wúlò, torí wọ́n máa ń ka táìmù, ẹ lè bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kẹ́ ẹ wẹ̀ níbẹ̀.

Ọ̀nà kẹta ni òkè òkun. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ọ̀pọ̀ wa ló ní ẹbí níbẹ̀ tá a máa lọ kí lọ́jọ́ kan, ẹ kúkú fi ìrìn náà ṣe méjì. Ní South Africa, àgbàlagbà òmùwẹ̀ ní ẹgbẹ́ tó dúró dáadáa, wọ́n sì ń ṣe ti gbogbo orílẹ̀-èdè wọn lọ́dọọdún. Ní Amẹ́ríkà, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni wọ́n ń ṣe ti àgbà gbogbo orílẹ̀-èdè, ti ìgbà ìrúwé nínú púùlù yáàdì, ti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn nínú púùlù 50 mítà, kí a má tíì ka àwọn kéékèèké tó wà ní ìlú kọ̀ọ̀kan. World Masters Games tún wà, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Toronto lọ́dún 1985, tí Taipei gbàlejò ẹ̀ ní 2025, tí Kansai ní Japan sì fẹ́ gbàlejò ẹ̀ ní 2027. Ìyẹn ò bèèrè táìmù lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni rárá, ọjọ́ orí àti owó ìforúkọsílẹ̀ ni. Àti ti World Aquatics fúnra ẹ̀, tí àkọ́kọ́ ẹ̀ wáyé ní Tokyo lọ́dún 1986, tó wá sí Fukuoka àti agbègbè ẹ̀ ní 2023, Doha ní 2024, Singapore ní 2025. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń bèèrè táìmù.

Ẹ wá ìwé kan, ẹ fa ìlà oṣù méjìlá sí i, ẹ kọ gbogbo èyí tẹ́ ẹ bá rí sí i pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n máa ti ìforúkọsílẹ̀, kì í ṣe ọjọ́ ìdíje nìkan. Àwọn eré gígùn bíi 800 àti 1500 mítà, wọ́n lè kún kí ọjọ́ yẹn tó pé, torí heat kan lè gba ìdajì wákàtí, àwọn tó ń ṣètò a sì máa dín iye èèyàn kù. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ wẹ̀ ẹ́, ọjọ́ tí wọ́n bá ṣí i ni kẹ́ ẹ ti forúkọ sílẹ̀.

Báwo la ṣe ń ka táìmù tí wọ́n bèèrè?

Ohun tó ń dẹ́rù ba àwọn èèyàn ni pé wọ́n ti gbọ́ ti Òlíḿpíìkì. Ní Paris 2024, ọkùnrin tó bá fẹ́ wẹ̀ 50 mítà freestyle (ìwẹ̀ tí apá ń yí lọ́kọ̀ọ̀kan) gbọ́dọ̀ ti wẹ̀ ẹ́ ní sẹ́kọ́ńdì 21.96, obìnrin 24.70, àárín March 1, 2023 sí June 23, 2024, níbi ìdíje tí àjọ fọwọ́ sí. Táìmù kejì tún wà tó rọ̀ díẹ̀, 22.07 fún ọkùnrin, ẹni tó bá ní ìyẹn, wọ́n lè pè é tí àyè bá ṣẹ́ kù. Lẹ́yìn ìyẹn ni àyè tí wọ́n ń fún orílẹ̀-èdè tí kò ní òmùwẹ̀ tó tó bẹ́ẹ̀. Irú àyè bẹ́ẹ̀ ni Eric Moussambani láti Equatorial Guinea gbà wọ Sydney 2000. Àwọn méjì tí wọ́n jọ wà nínú heat ẹ̀ fò kí wọ́n tó ní kí wọ́n fò, wọ́n lé wọn, òun nìkan ló dá wẹ̀ 100 mítà ní ìṣẹ́jú 1 àti sẹ́kọ́ńdì 52.72, gbogbo pápá dìde fún un. Mo fẹ́ràn ọkùnrin yẹn gan-an ni, torí ìgbà tó fi kù díẹ̀ kó lọ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ, inú púùlù hòtẹ́ẹ̀lì kékeré ló sì ti ń ṣe ìdánrawò bíi tiwa.

Ti àgbàlagbà ò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà mẹ́ta ni mo rí i tí wọ́n ń gbà lò ó.

Àwọn kan ò bèèrè nǹkan kan. Ẹ kọ NT síbi táìmù, ìyẹn ni pé ẹ ò tíì ní, wọ́n á fi yín sínú heat tó lọ́ra jù, ó tán.

Àwọn kan fi ń dín iye eré kù. Ti Amẹ́ríkà ni mo fẹ́ràn jù nínú ẹ̀: níbi ìdíje àgbà gbogbo orílẹ̀-èdè wọn, ẹnikẹ́ni tó bá ti réjísítà lè wọ eré mẹ́ta láìní táìmù kankan, tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣe tó mẹ́rin, márùn-ún tàbí mẹ́fà ni wọ́n á tó ní kẹ́ ẹ fi táìmù hàn. Ṣé ẹ rí i pé ilẹ̀kùn ò tì? Àwọn èèyàn á rí tábìlì táìmù gígùn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àyà wọn á já, wọn ò ní ka gbólóhùn tó wà lókè ẹ̀. Ẹ máa ka gbólóhùn tó wà lókè tábìlì kẹ́ ẹ tó wo tábìlì, kẹ́ ẹ sì ka ti ọdún yẹn gan-an, torí wọ́n lè yí i padà.

Àwọn kẹta ló bèèrè ẹ̀ ní tòótọ́, bíi ti World Aquatics masters. Tábìlì wọn pín ní ẹgbẹ́ ọjọ́ orí, ọkùnrin lọ́tọ̀, obìnrin lọ́tọ̀, bí ọjọ́ orí ṣe ń ga sí i ni táìmù ń rọ̀. Kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ mú àwọn tó yára jù nìkan, ohun tí wọ́n ń wá ni kí ọjọ́ má ṣú bá wọn lórí eré kan ṣoṣo, torí ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló ń wá. Ohun kan sì tún wà níbẹ̀ tí àwọn èèyàn wa ò mọ̀: orúkọ kíláàbù lẹ fi ń wọlé, kì í ṣe orúkọ orílẹ̀-èdè. Kíláàbù yẹn gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ àjọ ìlúwẹ̀ẹ́ orílẹ̀-èdè ẹ̀. Nítorí náà ẹni tí kò ní kíláàbù, bó yára bí ẹja, kò ní rí ibi tó máa gbà wọlé. Ẹ wá kíláàbù tó ti forúkọ sílẹ̀ ní Àbújá tàbí Èkó, ẹ dara pọ̀ mọ́ ọn bó tiẹ̀ jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan lóṣù lẹ ń lọ, ọdún kan ṣáájú ni kẹ́ ẹ ti ṣe é.

Nǹkan mẹ́rin ni kẹ́ ẹ fi àmì sí nínú ìwé ìlànà èyíkéyìí: gígùn púùlù, àárín ọjọ́ wo sí ọjọ́ wo ni táìmù gbọ́dọ̀ ti wáyé, irú ìdíje wo ni wọ́n gbà, àti bóyá wọ́n fẹ́ rí ẹ̀rí. Ẹni tí wọ́n bá bi léèrè ẹ̀rí, orúkọ ìdíje, ìlú àti ọjọ́ ni wọ́n máa fẹ́, ìdí nìyẹn tí mo fi ń kó gbogbo ìwé èsì mi pa mọ́ sínú fáìlì kan.

Ẹ wo àlàfo tó wà láàárín

Ẹ jẹ́ ká sọ pé wọ́n bèèrè 40.00, ẹ sì ní 41.80. Sẹ́kọ́ńdì 1.8 ló kù, bíi ìdá mẹ́rin àti díẹ̀ nínú ọgọ́rùn-ún. Ìyẹn ṣeé ṣe láàárín oṣù mélòó kan fún ẹni tí ò tíì ní kóòṣì rí, torí kì í ṣe apá nìkan ló ti máa wá. Ẹ ní kí ẹnì kan fi fóònù ya fídíò yín láti ẹ̀gbẹ́. Ẹ ka ìgbà tẹ́ ẹ fò títí orí yín fi yọ jáde, ọ̀pọ̀ wa máa ń yọ jáde ní mítà mẹ́ta torí pé à ń wá afẹ́fẹ́, nígbà tó yẹ ká ṣì na ara gbọọrọ lábẹ́ omi dé mítà márùn-ún tàbí mẹ́fà. Ẹ wo bẹ́ ẹ ṣe ń yí lára ògiri, ṣé ẹ ń di bèbè mú kẹ́ ẹ tó tún lọ? Ẹ wo ìparí, ṣé ẹ ń gbórí sókè wo ògiri kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kàn án? Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí nìkan mo rí ohun tó ju sẹ́kọ́ńdì kan gbà padà kí n tó fi agbára kankan kún un.

Tí àlàfo bá ti tó sẹ́kọ́ńdì mẹ́wàá lórí 50 mítà, ẹ má fi ọdún yìí lé e. Ẹ wọ àwọn ìdíje tí ò bèèrè nǹkan kan, kẹ́ ẹ sì wo eré mìíràn. Ẹni tí freestyle ẹ̀ lọ́ra lè ní breaststroke (ìwẹ̀ bí ọ̀pọ̀lọ́) tó dáa, àwa ọmọ odò pàápàá. Àwọn eré tí èèyàn ń sá fún, bíi 200 mítà butterfly (ìwẹ̀ tí apá méjèèjì ń jáde lókè omi lẹ́ẹ̀kan náà), èèyàn kì í pọ̀ nínú ẹ̀, masters sì gba kéèyàn máa fi ẹsẹ̀ breaststroke ta butterfly, ìyẹn ti gba ọ̀pọ̀ eékún àti ẹ̀yìn là.

Tí ìdíje ò bá sí nítòsí, ẹ ṣe é fúnra yín

A ti ṣe é lẹ́ẹ̀mejì, èèyàn mọ́kànlá nígbà àkọ́kọ́. Ẹ bá hòtẹ́ẹ̀lì sọ̀rọ̀ fún àárọ̀ Mọ́ńdè tàbí Túsìdeè, ìgbà tí àlejò ò pọ̀, àárọ̀ kùtù nítorí oòrùn Lọ́kọ́ja. Ẹ fi okùn tó ní kégì kéékèèké lára pín léènì. Èèyàn mẹ́ta ló máa di stopwatch mú fún léènì kọ̀ọ̀kan. Tí méjì bá bára mu, ìyẹn la ó kọ. Tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá yàtọ̀, ti àárín la ó kọ. Tó bá jẹ́ méjì péré ló ṣiṣẹ́, ẹ rò wọ́n pọ̀ kẹ́ ẹ pín in sí méjì. Ìlànà gidi nìyẹn, a ò dá a sílẹ̀ fúnra wa. Ẹnì kan tí ò ní wẹ̀ rárá gbọ́dọ̀ dúró ṣọ́ omi, ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń gbé èèyàn jáde, ẹ má sọ pé gbogbo wa la mọ odò wẹ̀.

Ẹ kọ gígùn púùlù tẹ́ ẹ fi tépù wọ̀n sórí ìwé èsì, ọjọ́, orúkọ àwọn tó ka táìmù, kí wọ́n fọwọ́ sí i. Táìmù yìí ò ní gbé yín wọ ibi tó ń bèèrè ẹ̀rí, àmọ́ ó máa fún yín ní nǹkan gidi tẹ́ ẹ lè kọ sínú fọ́ọ̀mù dípò NT, wọ́n á sì fi yín sáàárín àwọn tẹ́ ẹ jọ ń sáré dọ́gba. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó kà, ẹ kọ̀wé sí àjọ ìlúwẹ̀ẹ́ orílẹ̀-èdè nípasẹ̀ kíláàbù yín kí ọjọ́ tó pé, kí wọ́n fọwọ́ sí i, kí wọ́n fi aláṣẹ ránṣẹ́. Àwa ò tíì dé ibẹ̀. Púùlù tó gùn tó la kọ́kọ́ ń wá.

Fọ́ọ̀mù, aṣọ, àti ìfò

Ẹ má purọ́ lórí táìmù ìforúkọsílẹ̀. Ẹni tó kọ 32 tó sì wẹ̀ 45, gbogbo heat ló máa dúró dè é, ojú á tì í. Ẹ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò kẹ́ ẹ tó kówó sílẹ̀, pàápàá ẹni tó ti lé ní ogójì, mo ń fi ọkàn mi sọ èyí o, mo ti rí ẹni tí wọ́n gbé jáde.

Aṣọ: níbi ìdíje ńlá, ti ọkùnrin ò gbọdọ̀ kọjá ìdodo lókè àti orúnkún nísàlẹ̀, ti obìnrin láti èjìká dé orúnkún, kó sì jẹ́ èyí tí àjọ fọwọ́ sí. Ẹ̀yin ìyá wa àti àbúrò wa tẹ́ ẹ dirun tàbí tẹ́ ẹ ní irun tó kún, fìlà ńlá tí wọ́n ń pè ní Soul Cap, tí wọ́n kọ̀ fún èèyàn kí Òlíḿpíìkì Tokyo tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2021, FINA ti fọwọ́ sí i ní September 2022, torí náà ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni lé yín tìtorí fìlà. Ẹni tó bá fẹ́ bora ju bẹ́ẹ̀ lọ, kó kọ̀wé béèrè ṣáájú.

Àwọn tó ń bẹ̀rù ìfò láti orí pẹpẹ, masters gbà kẹ́ ẹ fò láti bèbè, tàbí kẹ́ ẹ wà nínú omi kẹ́ ẹ fẹsẹ̀ ti ògiri. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lèèyàn ń fò, ẹni tó bá ṣáájú fèrè ti lọ nìyẹn. Breaststroke àti butterfly, ọwọ́ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà lẹ fi máa kan ògiri. Ọwọ́ kan ni mo fi kàn án nígbà àkọ́kọ́ tí mo wẹ̀ ẹ́, wọ́n fagi lé 50 mítà tí mo ti fi oṣù mẹ́rin palẹ̀ fún.

Ọjọ́ náà gan-an

Tó bá jẹ́ Àbújá, ẹ lọ lọ́jọ́ tó ṣáájú. Ẹ kúrò ní Kàbà ní àárọ̀, ẹ gba Ọbájànà kọjá sí Lọ́kọ́ja kí oòrùn tó mú, ẹ má fi ìrìn àjò dé alẹ́ o, gbogbo wa la mọ bí ọ̀nà ṣe rí báyìí. Ẹ gbé omi, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti goggles méjì dání, torí ọ̀kan á já. Omi púùlù ìdíje lè tutù ju ti hòtẹ́ẹ̀lì wa lọ, digíríì Celsius 25 sí 28 ni wọ́n ń fẹ́ kó wà lórí òṣùwọ̀n, ẹ wọ inú ẹ̀ kí eré tó bẹ̀rẹ̀ kí ara lè mọ̀ ọ́n.

Tẹ́ ẹ bá ti wẹ̀ tán, ẹ má lọ jẹun tàbí ya fọ́tò kẹ́ ẹ tó rí èsì. Ẹ lọ síbi tí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́, ẹ wo orúkọ yín, ẹgbẹ́ ọjọ́ orí yín, kíláàbù yín, táìmù yín. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́yìn eré yẹn ni wọ́n sábà máa ń fún èèyàn láti fi ẹ̀sùn kàn, tó bá ti kọjá, ohun tí wọ́n kọ náà ló máa dúró. Wọ́n ti kọ orúkọ mi bí orúkọ ẹlòmíì rí, mo sì ti wà nínú mọ́tò kí n tó mọ̀. Ẹ ya fọ́tò ìwé èsì náà pẹ̀lú orí ìwé tó gbé orúkọ ìdíje àti gígùn púùlù, ẹ béèrè ẹni tó máa fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí ímeèlì, ẹ gba nọ́ńbà ẹ̀, ẹ sì bi í pé ìgbà wo ni ti ọdún tó ń bọ̀ kẹ́ ẹ tó kúrò níbẹ̀.